Àkúrẹ́ ni mo bí ọmọ mi sí, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́. Kí ni kí n wí fún un?

Ìyá Elélùbọ́ kọ, alẹ́ ọjọ́ Ajé:

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú alẹ́ o. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, mi ò dá sí i rí. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé lónìí ká mi lára ni.

Ọmọ Ṣakí ni èmi àti ọkọ mi, ní Òkè-Ògùn. Ọdún 2007 ni mo tẹ̀lé e wá sí Àkúrẹ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pàtẹ, obìnrin kan dúró, ó wo àpò mi, ó ní, "Ìyá, ta ni ẹ fẹ́ tà á fún? Oníyán ni wá níbí o." Obìnrin yẹn ti di oníbàárà mi, kóńgò méjì ló ń rà lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn, mo mọ ìgbà tí ìlú ń ṣọdún. Mo rò pé mo ti wọlé.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Àkúrẹ́ ni mo bí gbogbo wọn sí. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọdún 16. Tó bá la ẹnu, ẹ ò ní mọ̀ pé ọmọ Ṣakí ni. "Ulé" ló ń pe ilé. Lọ́dún tó kọjá tí a lọ sí Ṣakí fún Iléyá, ó sọ fún ìyá mi pé òun fẹ́ padà sí "ulé". Ìyá mi ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́, ó gbé ajọ̀ sílẹ̀, ó wojú mi, ó ní, "Èdè wo lọmọ yìí ń sọ?" Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá pín fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn tó mọ̀wé ní kíláàsì wọn. Ipò kejì lòun mú. Ó kọ "Àkúrẹ́" síbi tí wọ́n ti béèrè ìlú rẹ̀. Ẹni tó ń gba fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ agboolé bàbá rẹ̀, kò rí i sọ. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà fún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ti ọmọ onílẹ̀ ni.

Ó wá bá mi ní ìsọ̀. Kò sunkún. Ó jókòó lórí àpò, èlùbọ́ lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n. Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá dé Ṣakí, wọ́n á ní ará Àkúrẹ́ ni mí. Tí mo bá wà l'Ákùúrẹ́, wọ́n á ní ará Ọ̀yọ́ ni mí. Ibo gan-an ni tèmi?" Mi ò rí èsì. Mo ní kó bá mi gbé kóńgò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú tí kì í ṣe ti baba yín, kí lẹ wí fún àwọn ọmọ yín? Ti fọ́ọ̀mù yẹn náà, ṣé ọ̀nà kankan wà?

Télọ̀ Arákàlè kọ:

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọdún kejìlélógún tí mo ti ń ránṣọ ní Arákàlè rèé. Èmi ni akápò àdúgbò wa. Nígbà tí a dáwó gọ́tà, tí a dáwó tíráńsífọ́mà, kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ agboolé. Ọ̀rọ̀ agboolé kì í jáde àfi tí nǹkan bá fẹ́ kan ọmọ ẹni lọ́wọ́.

Ẹ bá ọmọ náà jókòó lálẹ́ òní, kó tó sùn. Ọmọ tí kò sunkún yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Tísà Fẹ̀yìntì kọ:

Ìyá Elélùbọ́, mo kí yín. Ẹni ọdún 71 ni mí, ọmọ Ìjerò-Èkìtì, Àkúrẹ́ ni mo sì ń gbé láti ọdún 1978. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n.

Kó tó di oṣù Kejì ọdún 1976, inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni Ṣakí, Àkúrẹ́, Oǹdó, Ìjerò àti Abẹ́òkúta wà, Ìbàdàn sì ni olú ìlú gbogbo wa. Ọjọ́ 3 oṣù náà ni ìjọba Murtala Muhammed fọ́ ọ sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ká ní ọdún 1975 ni wọ́n gbé irú fọ́ọ̀mù yẹn síwájú ìyá yín ní Ṣakí àti ìyá ẹni tó dá ọmọ yín padà, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ì bá kọ.

Èmi ńkọ́? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mí. Èkìtì wà lábẹ́ Oǹdó nígbà náà. Mo kọ́lé sí Àkúrẹ́ torí pé olú ìlú wa ni, ó dá mi lójú bí ojúmọ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, a jókòó ti rédíò, Abacha ń ka orúkọ ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà. Bó ṣe dárúkọ Èkìtì, ariwo sọ nínú ilé wa, ìyàwó mi jó dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àwọn àgbà wa ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tipẹ́ ni. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn gidi lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ kò pẹ́ tó fi yé wa. Ilé mi ò kúrò níbi tó wà. Èmi náà ò kúrò. Síbẹ̀ mo ti di àlejò nínú ilé tí mo fi owó ara mi kọ́. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n ń ya fáìlì ará Èkìtì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ará Oǹdó, òkìtì méjì lórí tábìlì kan. Obìnrin kan wà tí a ti jọ jókòó fún ọdún mẹ́sàn-án, a jọ ń jẹ ọ̀sán nínú abọ́ kan ni. Fáìlì tirẹ̀ bọ́ sí apá òsì, tèmi bọ́ sí apá ọ̀tún. Òun ló bá mi to ìwé mi sínú páálí, ó ń fi ìdí ìró nu ojú. Ọ̀pọ̀ wa kó lọ sí Adó-Èkìtì. Èmi ò kó o. Mò ń ti Àkúrẹ́ lọ, mò ń padà lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, torí àwọn ọmọ mi ò fẹ́ fi ilé ìwé wọn sílẹ̀, èmi náà ò sì fẹ́ fi ilé mi sílẹ̀.

Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi dá a padà lọ́jọ́ náà, ìlà tí ìjọba fà sórí máàpù ni, àwọn tó fà á sì ṣì wà láyé nígbà tí bàbá rẹ̀ wà lọ́mọdé.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí o, kí ẹ má ṣe tẹ̀lé mi. Mo jẹ́ kí àkọ́bí mi pé ọdún 18 kó tó mọ orúkọ agboolé wa n'Íjerò. Mo rò pé tí n kò bá sọ̀rọ̀ Ìjerò púpọ̀, ara rẹ̀ á tètè balẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bi í ní ohun tí wọ́n bi ọmọ yín, òun náà dákẹ́, ó sì bínú sí mi, kì í ṣe sí wọn. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ agboolé bàbá rẹ̀ sí i, àdúgbò, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, oríkì orílẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ sórí. Kì í ṣe nítorí fọ́ọ̀mù. Nítorí kó má baà tún dákẹ́ níwájú ẹnikẹ́ni ni.

Ọmọ Ọlọ́yẹ̀mẹkùn kọ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, níbí ni wọ́n ti sin bàbá bàbá mi. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ yẹn lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dára, ojú tì mí nígbà tí mo kà á. Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì ọ̀rọ̀, torí tí a ò bá sọ ọ́ níbí, a ó máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín ni. Owó tí wọ́n ń pín yẹn kò pọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ wà ní Ìjù àti Ìta-Ògbólú tó mọ̀wé, tí kò ní ìpínlẹ̀ mìíràn tó lè sá lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ti ibẹ̀ rí. Tí a bá ṣí ilẹ̀kùn tiwa, tí àwọn yòókù ti tiwọn, ọmọ ta ni yóò wà ní ìta?

Ìlú yìí kì í lé àlejò. Àṣọdẹbóyèdé tó tẹ̀ ẹ́ dó, ọdẹ ni, Ifẹ̀ ló ti wá. Àwọn Àdó Àkúrẹ́ wà níbí tí ìran wọn ti Bìní wá, lónìí ta ló ń bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti wá? Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fi di tiwa. Wọ́n fẹ́ ọmọ wa, a fẹ́ tiwọn, wọ́n sin òkú wọn síbí.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjà nìkan la ti ń rí yín. Tí òkú bá kú ní àdúgbò, ẹ lọ, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání. Ẹni tí a bá jọ jókòó lábẹ́ ìbòrí níbi ìsìnkú ìyá wa, ó ṣòro kí a tún máa bi í pé agboolé wo.

Télọ̀ Arákàlè kọ:

Àbúrò mi, o ṣeun tó o sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà láàárín ìpínlẹ̀ kan àti èkejì, ọmọ ọdún 16 kọ́ ló yẹ kó rù ú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà, ẹnì kan ì bá ti gbà á.

Ọmọ Oǹdó ní Peckham kọ, òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

Ẹ kú òru o. Láti London ni mo ti ń kọ. Odòjọmù l'Óǹdó ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀rọ̀ "ulé" yẹn ló jẹ́ kí n dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

London ni mo bí ọmọ mi sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé rò pé tí o bá ti bímọ síbí, ọmọ rẹ ti di ọmọ ibí nìyẹn. Rárá o. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1983 ni òfin wọn ti yí padà. Tí bàbá àti ìyá méjèèjì kò bá jẹ́ ọmọ ibí, tí ìkankan nínú wọn kò sì ní ìwé ìgbé ayérayé nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ibí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọsibítù ìjọba wọn ló ti kọ́kọ́ ké. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òfin náà: tí ọmọ tí wọ́n bí síbí bá gbé ibí fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, tí kò fi ìlú sílẹ̀ ju 90 ọjọ́ lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ibí, ohun yòówù kí ìwé òbí rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí a san án, owó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ. A dá a ní èsúsú.

Gbogbo ìwé tó fi hàn pé ọmọ náà wà níbí la kó sínú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: káàdì abẹ́rẹ́, ìwé ilé ìwé, lẹ́tà dókítà eyín. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ iná bá ké, báàgì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ fà.

Mi ò sọ pé ibí dára ju ilé lọ. Mo ti jẹ ìyà tí mi ò lè kọ síbí. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé ìlú onílùú yìí ní iye ọdún tó ń kà fún ọmọ mi. Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ ti lo 16 l'Ákùúrẹ́, láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń sọ Yorùbá, kò sì sí iye tó lè lò tí wọ́n máa ní ó tó.

Ní ti ìyá yín àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó rẹ́rìn-ín: nígbà tí mo mú ọmọ mi wá sílé ní 2023, "òyìnbó" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń sá sí. Ìyá mi ló tún un ṣe. Kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọmọ odó lé e lọ́wọ́, ó ní, "Gún un." Iyán náà kókó, gbogbo wa la jẹ ẹ́, ìyá mi sì fi àìmọye nǹkan rán an níṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún àwọn ọmọ àbúrò mi pé kí wọ́n kúrò nídìí odó. Ẹ má kàn mú ọmọ yín lọ sí Ṣakí fún Iléyá bí àlejò tó wá jẹran. Ẹ jẹ́ kó lo ọlidé gígùn kan lọ́dọ̀ ìyá yín, kó rẹ iṣu, kó sá a, kó kọ́ èlùbọ́ láti ìdí. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé tẹ́lẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá Elélùbọ́ kọ:

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Mo sunkún nígbà tí mo ka ti báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè kan. Ẹnì kan ní ọjà ti sọ fún mi pé òun lè bá mi gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí Àkúrẹ́ fún un, pé owó kékeré ni, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ọkọ mi ní ká má ṣe é. Kí lẹ rí sí i?

Lọ́yà Alágbàká kọ:

Ẹ kú ọjà, mà. Ẹ gbọ́ ti bàbá wọn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìwé irọ́ ni, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì tú u wò, ọmọ yín ni wọ́n máa mú un mọ́ lọ́rùn, bóyá nígbà tó ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì tàbí tó ti wọṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ rò ó wò: ọmọ tó ń béèrè ibi tó jẹ́ tirẹ̀, ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn.

Bí òfin ṣe rí nìyí. Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 kọ̀ kí ìjọba fi ibi tí ọmọ Nàìjíríà ti wá jẹ ẹ́ níyà. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ìgbé ní kíkún níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Ó dùn ún kà, àmọ́ Orí Kejì òfin náà ni abala 15 wà, ilé ẹjọ́ kì í sì í sábà gba ẹjọ́ lé e lórí. Tí ẹ bá wá dé abala 318, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ kí èèyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, wọn ò ka ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Àwùjọ tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ ti wá ni wọ́n kà. Ibẹ̀ ni ọmọ yín há sí. Bó bá fẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ lọ́la, àwọn ọmọ tó bá bí á ní ìlú méjì lábẹ́ òfin, òun fúnra rẹ̀ á ṣì ní ẹyọ kan.

Nítorí náà, ẹ gba èyí tó jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì gbà á tètè. Kí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Ṣakí, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí níbẹ̀ kó tó jókòó ṣe WAEC. Ẹ mú ìwé ìbí rẹ̀ àti NIN dání, kí orúkọ inú gbogbo wọn bára mu, torí lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè dá a dúró. Tí ìpínlẹ̀ yín bá ń pín ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ìwé yẹn ni wọ́n máa béèrè. Ẹ sì sọ fún un pé ti yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kò rí bíi ti fọ́ọ̀mù yẹn pátápátá. Nínú ààyè 100, ìlànà ní kí wọ́n fi 45 sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba máàkì jù, láìwo ìpínlẹ̀. 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní àyíká ilé ìwé náà, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń mú ipò kejì, kó dojú kọ 45 yẹn.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í lò: ìbò. Òfin Ìdìbò gba ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ kan láàyè láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kò dìgbà tó bá jẹ́ ọmọ bíbí. Tí Ṣakí ni ẹ ti gba káàdì ìdìbò yín, ẹ ní kí INEC gbé e wá sí Àkúrẹ́. Òfin Ìpìlẹ̀ kò tilẹ̀ sọ pé ẹni tó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, ìbò ló gbé ẹni tó rán wọn níṣẹ́ débẹ̀.

Àgbẹ̀ Abà kọ:

Mi ò mọ ti fọ́ọ̀mù, ti ilẹ̀ ni mo mọ̀. Ọmọ Ìwó ni bàbá mi. Kòkó ló gbé wọn wá sí igbó Oǹdó. Onílẹ̀ gé igbó fún un, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó kú ní 2003, inú abà náà la sin ín sí.

Ọdún 2011, àwọn ọmọ ọmọ onílẹ̀ dé láti Èkó, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wá rí. Ohun tó gbà wá ni ìwé akọsílẹ̀ kan tó jẹ́ ti ilé ìwé ọmọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Bàbá mi ò mọ̀wé, ó ń bẹ ọmọ kan pé kó bá òun kọ iye tí òun san àti ọdún rẹ̀, onílẹ̀ á wá tẹ àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò ọdún mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, àwọn kan ti ń rẹ̀ dànù. Nígbà tí èyí tó dàgbà jù nínú wọn rí àtàǹpàkò bàbá bàbá rẹ̀, ó jókòó. Ó ní ká fún òun lómi.

Ìyá Elélùbọ́, tí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ọwọ́ olórí ẹbí nìkan kò tó. Kí àwọn àgbà ẹbí náà fọwọ́ sí i, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Tí olórí ẹbí ò bá mọ̀ sí i rárá, ẹ má san kọ́bọ̀.

Ọmọ Onísípíà l'Óǹdó kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbo ni mí, Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ìsọ̀ sípíà bàbá mi ni mo dàgbà sí. Tí mo bá wọ mọ́tò, àwọn èrò á máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀ mi, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo máa ń dúró títí tí mo bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, màá wá kí wọn bí ọmọ Oǹdó ṣe ń kíni. Tí mo bá lọ sílé ní Kérésìmesì, àwọn ẹbí mi á ní mo ti di Yorùbá.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní ilé ìwé, ẹ bá mi sọ fún un pé èmi ti pé ọdún 34, wọ́n ṣì ń bi mí. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ̀, mo máa ń bínú. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo dẹ́kun kí n máa mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Tí wọ́n bá bi mí, màá ní: Oǹdó ni mo ti wá, Nnewi sì ni baba mi ti wá. Gbólóhùn kan ni, mi kì í dá a dúró láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ já a sí méjì, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Elélùbọ́ kọ, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lálẹ́ ọjọ́rú, èmi, òun àti bàbá rẹ̀, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi fáìlì apá òsì àti apá ọ̀tún, ó ní kí n tún un kà. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ orúkọ agboolé wọn, ó ń ki bàbá bàbá rẹ̀, ó dé ibì kan, ó gbàgbé. A pe ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá àgbà rò pé ẹnì kan ló kú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé oríkì la ń béèrè, wọ́n ki í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ mi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kún ojú ewé méjì.

Fọ́ọ̀mù yẹn ti kọjá. Wọn ò gbà á, a ò sì ní ra ìwé kankan. Ọlidé tó ń bọ̀, òun àti bàbá rẹ̀ á lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣakí, á sì dúró lọ́dọ̀ ìyá mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan tọrọ gáfárà lórí fóònù, ó ní kó kọ́ òun ní èdè Àkúrẹ́.

Ọmọ Ọlọ́yẹ̀mẹkùn, ìyá arúgbó tó wà lójúlé kejì sí wa jáde láyé lánàá. Mo ti san owó aṣọ, mo san tọmọ mi náà. Àwọn ọmọ olóòkú ní òun ni kó máa gba orúkọ àwọn tó bá wá kíni, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára.

Ìyá mi fẹ́ fi àpò èlùbọ́ mẹ́ta ránṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ní mọ́tò tó ń bá wa gbé e tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ awakọ̀ tó ṣeé fọkàn tán tó ń gba Ifẹ̀ àti Iléṣà wá sí Àkúrẹ́ láti Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.